Kọ́kọ́rọ́ mi àti òkúta ojú ọ̀run

Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Kejì 2025

Mo ti rí kọ́kọ́rọ́ náà o. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko! Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kó sátífíkéètì mi sí ni mò ń sọ, ọ̀kan ṣoṣo ló wà, kò ní èkejì, ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Ìṣẹ́gun tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀. Mo da gbogbo ẹrù inú báàgì mi sílẹ̀, mò ń tú u, ni fóònù bá dún, ìròyìn ni, NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ojú ọ̀run, ní òkúta kan tí wọ́n ń pè ní 2024 YR4 lè kọlu ayé ní 22 oṣù Kejìlá 2032, bó ṣe ṣeé ṣe tó ti di 3.1% báyìí, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan nínú 32, wọn ò sì tíì rí iye tó tó bẹ́ẹ̀ rí fún òkúta tó tóbi tó yẹn. Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní "hẹn-ẹn", mo tún gbọn báàgì náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìgbà tí mo fẹ́ sùn lojú wá ń tì mí. Òkúta tó fẹ̀ tó mítà 40 sí 90, tó lè run odindi ìlú ńlá kan, mi ò tiẹ̀ mí kanlẹ̀ nítorí ẹ̀, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ tí kò gùn tó ìka mi ti mú mi pariwo lé gbogbo ará ilé lórí. Bóyá torí pé òkúta yẹn, gbogbo wa la jọ ni ín. Ti kọ́kọ́rọ́, èmi nìkan ni.

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni ìbéèrè àwọn èèyàn. "Ibo lo gbé e sí gbẹ̀yìn?" Ẹ gbà mí o! Ká ní mo mọ ibi tí mo gbé e sí gbẹ̀yìn ni, ṣé màá sọ pé ó sọnù? Èèyàn mẹ́rin ló bi mí, ẹnì kan nínú wọn bi mí lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fi kún un pé òun kì í sọ nǹkan nù. Ó káre.

Òkúta wá ńkọ́? Lọ́jọ́rú ó já sí 1.5%, Ọjọ́bọ̀ 0.28%, nígbà tó fi máa di àná tó jẹ́ Ajé, 0.004%. Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa, wọ́n kàn fẹ́ dẹ́rù bà wá ni. Èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí mo kà á dáadáa, mo wá rí i pé ohun tí mò ń ṣe nínú yàrá mi gan-an làwọn onímọ̀ tó ń wo òkúta náà ń ṣe. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i láti Chile ní 27 oṣù Kejìlá 2024, ibi tó ṣeé ṣe kó gbà kọjá ní 2032 fẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ayé wa kàn jẹ́ bíńtín nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wò ó lóròòru ni wọ́n ń yọ ibi tí kò lè gbà kúrò, ayé ṣì wà nínú èyí tó kù, ìpín ayé wá ń pọ̀ sí i, títí ó fi kan ayé fúnra ẹ̀, wọ́n yọ òun náà, ló bá já wálẹ̀ wìì.

Kọ́kọ́rọ́ mi náà nìyẹn! Mo tú pálọ̀, kò sí, mo gbé bẹ́ẹ̀dì, kò sí, mo ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù mi níbi tó fi kọ́ sára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, bébà lásán, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dá mi lójú sí i pé báàgì ni, tó wá dá mi lójú bí àdá pé ó ti yọ́ bọ́ sínú aṣọ abẹ́nú ẹ̀. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé e. Bíró kan tó ti gbẹ ló wà níbẹ̀.

Ojú ihò kọ́bọ́ọ̀dù ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kóòtù yẹn náà ló bò ó. Mi ò tiẹ̀ tì í! Odindi ọ̀sẹ̀ kan, mi ò fọwọ́ fa ilẹ̀kùn yẹn wò lẹ́ẹ̀kan, torí mo ti gbà pé kò lè ṣí.

Títí di àná, wọ́n ní 1.7% ṣì wà pé òkúta náà lè kọlu òṣùpá. Kí òṣùpá máa rọra ṣe. Báàgì mi ló wà níwájú mi báyìí, ó lanu sílẹ̀, mo sì fẹ́ rán an kí n tó sùn, abẹ́rẹ́ wà nínú ike kékeré kan, ike yẹn sì wà... ẹ jẹ́ n wò ó ná.