Ta ló máa tún etí ọ̀sà wa ṣe?

Iṣẹ́ bílọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe n'Ìkòròdú níbí, torí náà ẹ má retí kí n bú àwọn tó ń fa yanrìn, ọwọ́ wọn lèmi náà ti ń rajà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ bàbá apẹja kan ní Baiyeku ò kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ní ibi táwọn ti máa ń fẹsẹ̀ rìn nínú omi tẹ́lẹ̀, dírẹ́jà ti fa yanrìn ibẹ̀ débi pé ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ ò kan ìsàlẹ̀ mọ́, etí omi sì ń ya wọnú ọ̀sà díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀n ni wọ́n ń tún ṣe lọ́wọ́, wọ́n na ibi tó ya sí mi, "wò ó, páìpù ló fà á ya". Mo ní Bàbá, ṣé wọn ò ní dí kòtò yẹn tí wọ́n bá ń lọ ni? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Wọ́n á tú páìpù wọn, wọ́n á gba ibòmíì lọ ni."

Ni mo bá lọ ń ka òfin àyíká Nàìjíríà lóru (dátà mi jóná lórí ẹ̀), nǹkan tí mo sì rí ni pé òfin wa kì í jí àfi tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Ẹ wo ti Koko, tó wà ní Delta báyìí. Wọ́n kó dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí olóró wá láti Ítálì, wọ́n tò ó sí àgbàlá èèyàn, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì ló ta wá lólobó ní 1988. Orí ìjọba ológun gbóná, wọ́n gbé dìkíríì jáde lọ́dún yẹn náà pé ẹni tó bá kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé, ẹ̀wọ̀n gbére ni, ká tó rí oṣù December tán wọ́n ti dá FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀. Wọ́n kó ìdọ̀tí yẹn padà ní tòótọ́ o, ọkọ̀ Karin B ló gbé e, èbúté tó sì lé e dànù nílẹ̀ òyìnbó ò kéré.

Látìgbà yẹn, ẹ ṣáà máa gbọ́ orúkọ tuntun. Òfin EIA dé ní 1992, pé kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ewu iṣẹ́ ńlá wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ní 1999 mínísìtírì àyíká gbé FEPA mì, ní 2007 NESREA, àjọ tó ń rí sí i pé wọ́n pa òfin àyíká mọ́, dé. Òfin NESREA yẹn fúnra ẹ̀ ló sì yọ ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, àní epo o! NOSDRA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 ló ń rí sí epo tó bá dà sílẹ̀. Kọ́ńpìnnì tí ò bá fẹjọ́ sùn láàárín wákàtí 24, fáìnì ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 náírà lójúmọ́, èyí tí ò bá wá palẹ̀ ibẹ̀ mọ́, mílíọ̀nù kan náírà. Mílíọ̀nù kan! Ẹ bèèrè lọ́wọ́ onítípà iye yanrìn tí ìyẹn máa rà lónìí. Ní Ògóní tí epo ti bà jẹ́, ìwádìí tí UNEP, àjọ àyíká UN, ṣe ní 2011 ní àtúnṣe ilẹ̀ àti omi ibẹ̀ lè gba ọdún 25 sí 30.

Èyí tó wù mí jù ni òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007. Ó ní kí ẹni tó fẹ́ wa ilẹ̀ kọ ètò bó ṣe máa tún ibẹ̀ ṣe sílẹ̀, kó sì máa dá owó sí àpò kan nítorí ẹ̀, kó má di pé ó ti kó èrè ẹ̀ lọ tán ká tó máa wá a kiri. Ìyẹn ni mo fẹ́ rí létí ọ̀sà wa.

Nǹkan tá a rí ni ìjà. Ìjọba Èkó àti ìjọba àpapọ̀ fa ọ̀rọ̀ ta ló láṣẹ lórí omi yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfìgbà tí Supreme Court sọ ní January 2024 pé NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀nà omi, ni, kì í ṣe Èkó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló máa gbowó láìsẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń jà lé, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kankan jà pé òun lòun máa dí kòtò.

Ṣé bàbá yẹn lè pe ẹjọ́? Abala 20 nínú kọnsitúṣọ̀n 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀, abala 6 sì tún yí padà pé kóòtù ò gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ lórí ìyẹn, ẹ ò rí nǹkan. Ibi tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ni ìdájọ́ 2018, tí Supreme Court gbà kí ẹgbẹ́ kan pe NNPC lẹ́jọ́ lórí epo tó dà sómi ní ìpínlẹ̀ Abia, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe omi ẹgbẹ́ yẹn. Tẹ́lẹ̀, kóòtù á ní kí lo pàdánù tó ju ti aráyé lọ?

Mo bi ẹni tó ń ta yanrìn fún mi bóyá àwọn ń dá owó àtúnṣe sílẹ̀, ó ní ṣé mo fẹ́ kí owó típà wọ́n sí i ni. Mo ní tó bá jẹ́ torí ẹ̀ ló ṣe wọ́n, màá san án. Kò gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ àti Badagry, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti rí dírẹ́jà kan tó tún etí omi ṣe kó tó lọ rí? Ẹ sọ ibẹ̀ fún mi, mo fẹ́ lọ wò ó.