Bí Mo Ṣe Ń Fọ Òkúta Ẹ̀yìnkùlé Wa Láì Bó Ojú Rẹ̀

Nígbà tí a kó wá sí ilé tí a ń gbé báyìí ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìnkùlé ni ó kọ́kọ́ wù mí níbẹ̀. Òkúta gidi ni onílé tó ṣíwájú wa fi tẹ́ ẹ: òkúta yanrìn pupa rúsúrúsú tí wọ́n ń kó wá láti ìpínlẹ̀ Rajasthan ní Íńdíà, irú èyí tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé níhìn-ín. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó to òkúta mìíràn tó dúdú bí èédú ní ìlà kan. Odidi ọdún méjì ni mo fi ka méjèèjì sí ohun kan náà, àṣìṣe yẹn ni mo sì fi ba òkúta mẹ́rin jẹ́.

Ìgbà òtútù ti kọjá, ewédò ti mú gbogbo ilẹ̀ náà yọ̀ bí ilá, ni mo bá rántí fínígà. Òun ni mo fi máa ń bọ́ èépá funfun ìdí kẹ́tù, nítorí omi ẹ̀rọ àdúgbò wa lẹ́fun nínú. Mo dà á sórí òkúta, mo sì fi búrọ́ṣì ra á. Òkúta yanrìn kò sọ nǹkan kan. Èyí tó dúdú ni ó hó bí ẹni da ọṣẹ sí i, mo sì rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Nígbà tí ó gbẹ lọ́jọ́ kejì, ojú òkúta mẹ́rin ti funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò para nígbà ọyẹ́.

Òkúta ẹfun ni òkúta dúdú yẹn, kí àwọ̀ rẹ̀ má tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìbátan èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì ni, ohun tí fínígà sì ń jẹ kúrò nínú kẹ́tù gan-an ni ó pọ̀ jù lọ nínú ara rẹ̀. Funfun tí mo rí kì í ṣe ìdọ̀tí tó ṣẹ́ kù. Ojú òkúta ni ásíìdì, ìyẹn èròjà kíkan inú fínígà, jẹ lọ, kò sì sí fífọ̀ tó lè dá a padà.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fi ohunkóhun fọ òkúta ilé rẹ̀, kí ó wá èyí tó fara pamọ́ lẹ́yìn garawa ìdalẹ̀nù, kí ó kán ẹ̀kán fínígà kan ṣoṣo sí i. Bí ó bá hó, òkúta ẹfun tàbí mábù ni. Bí kò bá hó, ìyẹn náà kò ní kí a máa da ásíìdì sí i, nítorí pé irin tó wà nínú òkúta yanrìn mìíràn lè dógùn-ún, kí ó sì pa á láró pupa.

Ẹnì kan tí mo sanwó fún lọ́dún tó tẹ̀ lé e gbé ẹ̀rọ tí ń fi agbára tu omi dé. Kò bèèrè irú òkúta tó wà nílẹ̀. Ó mú ẹnu ẹ̀rọ sún mọ́ òkúta bí ìka mẹ́ta, ó sì ń fi omi tẹ́ẹ́rẹ́ fà á síwá sẹ́yìn. Omi tó ń ṣàn lọ pọ́n, inú mi sì ń dùn pé ìdọ̀tí ti tú, àṣé yanrìn òkúta fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí ó máa fi ṣe tán, ó ti kọ gọ̀m̀bọ́ sí i lójú. Ní ìgbà òtútù, omi wọ inú ihò wẹ́wẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀, ó di yìnyín, bẹ́ẹ̀ omi tó bá di yìnyín a máa fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 wú sí i. Igun òkúta méjì bó bí èèpo àlùbọ́sà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má lo ẹ̀rọ náà rárá, ṣùgbọ́n kí omi rẹ̀ tú ká bí abẹ̀bẹ̀, kí ó fi sẹ̀ntímítà 30 jìnnà sí òkúta ó kéré tán, kí agbára rẹ̀ sì mọ níwọ̀n.

Èyí tí mo ń ṣe báyìí kò gba agbára. Mo máa ń gbá ilẹ̀ náà nígbà tó gbẹ, mo sì máa ń da omi lásán sí i kí ó mu yó, kí ọṣẹ má baà wọ inú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ fọ̀ ọ́, ní ìwọ̀n ẹní kan lẹ́ẹ̀kan, tí mo sì ń ṣàn án kí ó tó gbẹ. Búrọ́ṣì oníke ni mo ń lò. Ti onírin a máa fi eérún irin sílẹ̀, eérún náà a sì dógùn-ún mọ́ òkúta lára. Àmì dúdú roboto tó ń ta gbòǹgbò sínú òkúta yanrìn nìkan ni ọṣẹ kò ràn. Bílíìṣì tí mo fi omi là ni mo ń fún un, lẹ́yìn tí mo bá ti bomi rin òdòdó ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bílíìṣì àti fínígà kò gbọdọ̀ pàdé nínú garawa kan: èéfín tó ń jáde lára wọn lè pa ènìyàn.

Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi ni ọbẹ̀ ti dà sílẹ̀, epo pupa rẹ̀ sì ń wọ inú òkúta yanrìn lọ lójú wa. Àǹtí mi ti gbé omi gbígbóná dé. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ì tíì dà á.” Mo fi bébà tẹ epo náà láìra á, mo po sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì mọ́ omi títí ó fi ki bí ẹ̀kọ, mo tẹ́ ẹ lé e nípọn, mo sì fi ọ̀rá bò ó. Lọ́jọ́ kejì mo ṣí ọ̀rá náà kí ó lè gbẹ. Nígbà tí mo fi ṣíbí onígi họ ọ́ kúrò, abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n, ó ti fa epo mu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣẹ́ ku òjìji kan tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀ nìkan ni ó ń hàn, nítorí ibẹ̀ kì í mu omi bí ìyókù.