Sur: Ìlú tó ń kan ọkọ̀, tó sì ń yá àsíá

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún pé Oman ni mò ń lọ ló bi mí bóyá Dubai ni mo fẹ́ pè. Rárá o. Orí fóònù ni Dubai ti sú mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ ní Muscat, òun ló ní kí n wá, òun náà ló sì sọ pé bí mo bá fẹ́ mọ bí Lárúbáwá ṣe mọ òkun tó, kí á má jókòó sí olú ìlú, kí á lọ sí Sur.

Ìlú kékeré létí òkun ni Sur, nítòsí ibi tí ilẹ̀ Arébíà ti yọrí jù lọ sínú Òkun Índíà. Ìrìn rẹ̀ láti Muscat lé ní 200 kìlómítà. Òkè gbígbẹ tí koríko kò sí lórí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún wa, òkun wà lósì, ọ̀nà ọ̀dà sì tẹ́jú lọ bẹẹrẹbẹ. Mi ò rí kòtò kan. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà sílẹ̀ kí inú má baà bí mi.

Kí á tó wọ Sur, a yà ní Qalhat. Bí ẹ bá wo ibẹ̀ báyìí, ẹ ò ní gbà pé ìlú ńlá ni. Òkúta ló fọ́n ká gbogbo orí ilẹ̀, ilé ìsìnkú kan ṣoṣo ló ṣì nàró, òrùlé rẹ̀ tó rí rogodo sì ti wó wọ inú. Bibi Maryam ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀, orúkọ obìnrin tó ṣe alákòóso ìlú náà láyé àtijọ́. Qalhat ni igbákejì ìlú nínú ìjọba Hormuz, ìjọba oníṣòwò kan lẹ́nu ọ̀nà ọ̀sà Páṣíà, nígbà náà. Ẹṣin Lárúbáwá ni wọ́n ń kó sọ́kọ̀ níbẹ̀ lọ sí Índíà, nítorí ẹṣin kì í ṣe dáadáa ní gúúsù Índíà, owó gọbọi sì ni àwọn ọba ibẹ̀ ń san lórí rẹ̀. Marco Polo sọ̀rọ̀ ìlú náà. Àwọn Portugal tí Afonso de Albuquerque kó sòdí dé ibẹ̀ ní 1508, wọ́n sì dáná sun ún. Ní 2018 ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ìtàn Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Morocco tó gba ibẹ̀ kọjá ní nǹkan bí ọdún 1330. Sur ni ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí. Ó ń wo Qalhat lọ́ọ̀ọ́kán, ó rò pé kò jìnnà, ó sì ní òun á fẹsẹ̀ rìn ín. Ó mú ará Índíà kan tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn, ó sì háyà ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ kó máa júwe ọ̀nà. Afinimọ̀nà yìí kò ní in lọ́kàn láti mú ẹnikẹ́ni débì kankan. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n bọ́ sómi kí omi gbé wọn lọ, kí òun lè kó aṣọ wọn sá. Ọ̀kọ̀ ọwọ́ Ibn Battuta ló kó wọn yọ: gbogbo ìgbà tó bá ti fura ló ń jù ú fìrìfìrì. Wọ́n sun pápá mọ́jú, òùngbẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Nígbà tó fi máa dé Qalhat, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú bàtà débi pé ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yọ lábẹ́ èékánná. Ó jẹ ẹja sísun níbẹ̀, ó ní òun ò jẹ irú rẹ̀ rí, ó sì yin mọ́sálásí tí Bibi Maryam kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wo òkè tó wà níwájú wa, ó wo amúlétutù mọ́tò rẹ̀, ó ní, "Ọ̀nà tí èèyàn fi ẹ̀jẹ̀ rìn lo jókòó sínú kùlù yìí ń gbà lọ."

Nígbà tí Qalhat kú, òwò kò kú. Sur ló jogún rẹ̀.

Ibi tí mo kọ́kọ́ ní kí á lọ nínú ìlú ni àgbàlá àwọn tó ń kan ọkọ̀, létí ọ̀sà tí omi òkun ti ń wọlé. Dhow ni gbogbo ayé ń pe irú ọkọ̀ onígbòkun bẹ́ẹ̀, àmọ́ ará Sur kì í pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ kálukú ni wọ́n ń pè é: sambuk nìyí, ghanjah nìyẹn. Ìdí ghanjah ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n, nítorí iṣẹ́ ọnà ni wọ́n fín sí i lára. Igi tíìkì láti etíkun Malabar ní Índíà ni wọ́n fi ń kàn án, nítorí kò sí igi tó tó bẹ́ẹ̀ ní Oman.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í ya àwòrán sórí ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Orí ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n á tẹ́ igi ìpìlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á máa to pákó ara ọkọ̀ jọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ egungun ìhà rẹ̀ kó bá ikùn mu. Ẹnìkan ń fi òwú dí àlàfo láàárín pákó méjì lójú mi. Ó kọ́kọ́ yí òwú náà mọ́ orí itan rẹ̀ títí ó fi di okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó rì í sínú òróró, ó wá ń fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù onígi tẹ̀ ẹ́ wọlé, kó, kó, kó, láìyára. Òróró ẹ̀dọ̀ àkùràkudà ni wọ́n ń fi kun ara ọkọ̀ láyé àtijọ́, ẹ ò sì ní fẹ́ dúró tì í nínú oòrùn. Wọ́n ń po ọ̀rá ẹran mọ́ ẹfun òkúta fi lẹ abẹ́ rẹ̀ kí kòkòrò omi má baà jẹ ẹ́. Ọmọ Índíà ni ọkùnrin tí mo ń wò yìí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ Sur ti gba ọ́fíìsì lọ.

Kí Portugal tó dé, wọn kì í fi ìṣó kan ọkọ̀ ní etíkun yìí. Okùn èèpo àgbọn ni wọ́n fi ń rán pákó pọ̀. Ní 1980, wọ́n rán ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ní Sur níbí, wọ́n sọ ọ́ ní Sohar, arìnrìn-àjò kan tó ń jẹ́ Tim Severin sì tù ú láti Muscat dé ilẹ̀ Ṣáínà. Ó wà ní Muscat báyìí láàárín oríta ńlá kan, mọ́tò ń yí i po.

Ọkọ̀ tí Sur fi ń yangàn jù ni Fath al-Khayr. 1951 ni wọ́n kàn án níbẹ̀, wọ́n tà á, ó di ti ará ibòmíràn. Nígbà tí àwọn ọmọ ìlú gbọ́ pé ó wà ní Yemen, wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì rà á padà ní 1993. Orí ilẹ̀ ló wà báyìí. Mo dúró lábẹ́ ikùn rẹ̀, mo na ọwọ́ sókè, mi ò sún mọ́ etí rẹ̀ rárá. Mo ń ro ó pé àwọn èèyàn fi igi yìí dá Òkun Índíà kọjá láìsí ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ nìkan.

Afẹ́fẹ́ náà ní àkókò. Láti nǹkan bí November, ó máa ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn àríwá, àwọn ọkọ̀ Sur á sì kó dàbínù, ẹja oníyọ̀ àti iyọ̀, wọ́n á bá a lọ sí Lamu, Mombasa àti Zanzibar. Ibẹ̀ ni wọ́n á wà títí afẹ́fẹ́ á fi yí padà nígbà tí òjò ń bọ̀, wọ́n á wá kó igi ẹ̀gbà, kánáfùrù àti eyín erin padà sílé. Àwọn kan ń lọ Basra lọ ra dàbínù, àwọn kan ń lọ Índíà lọ ra ìrẹsì, aṣọ àti pákó. Ọ̀pọ̀ ló ní aya ní Sur, tí wọ́n sì ní òmíràn ní Zanzibar. Zanzibar fúnra rẹ̀ ti di ibùjókòó Sultan Said bin Sultan, ọba Oman, ṣáájú ikú rẹ̀ ní 1856, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó pín ìjọba sí méjì.

Ẹrù kan wà tí mi ò tíì dárúkọ. Wọ́n ń kó èèyàn pẹ̀lú.

Láti 1822 ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ Sultan pé àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ kò ní ta ẹrú fún Kìrìsìtẹ́nì mọ́. Ọdún yẹn gan-an ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ Òṣogùn kan tó ń jẹ́ Àjàyí sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Portugal tó gbé e ní Èkó, ẹni tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ogun kan náà ló ń ṣọ́ òkun méjèèjì, tiwa àti tiwọn. Ní 1873, Sultan Turki bin Said fọwọ́ sí i pé òwò náà parí pátápátá. Orí ìwé ló parí sí. Oko dàbínù ń fẹ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́, àwọn tó ń wa péálì lábẹ́ omi ń fẹ́ ẹni tí á mòòkùn, dàbínù Oman sì ń bá ọkọ̀ lọ títí dé New York.

Ọgbọ́n tí àwọn ọlọ́kọ̀ Sur dá nìyí. Faransé kò gbà kí Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ tó ta àsíá Faransé dúró kó máa tú inú rẹ̀. Àwọn ará Sur bá lọ sí ibi tí Faransé ń jọba lé lórí, bíi Mayotte, Nossi-Bé àti Obock, wọ́n lọ gba ìwé àti àsíá. Ẹ mọ awakọ̀ dánfó tó gbé fìlà sójà sí iwájú gíláàsì kí ọlọ́pàá má baà dá a dúró? Òun náà ni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ta àsíá yìí ló ń kó ẹrú o. Àwọn mìíràn kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má yọ wọ́n lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n ní 1902, àwọn Portugal mú ọkọ̀ àwọn ará Sur ní etíkun Mozambique, atukọ̀ tí wọ́n mú lé ní 100, ẹrú tí wọ́n sì bá lọ́wọ́ wọn lé ní 700.

Sultan Faisal bin Turki ló há sí àárín. Ọmọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n, síbẹ̀ bí ó bá fọwọ́ kàn wọ́n, Faransé á gbaná jẹ. Ní 1903, àwọn atukọ̀ Sur mélòó kan tó ní àsíá Faransé rú òfin ìséra-ẹni-mọ́ nítorí àìsàn, Sultan tì wọ́n mọ́lé, ọ̀rọ̀ bá di ti Paris àti London. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ onílàjà ní The Hague. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó, ọ̀kan nínú wọn ni Melville Fuller, adájọ́ àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 8 oṣù August 1905, wọ́n dájọ́: Faransé lẹ́tọ̀ọ́ láti fún wọn ní àsíá títí di ọjọ́ 2 oṣù January 1892, nígbà tó fọwọ́ sí àdéhùn Brussels tó lòdì sí òwò ẹrú, lẹ́yìn ọjọ́ náà, àfi ẹni tó bá lè fi hàn pé abẹ́ ààbò Faransé ni òun ti wà kó tó di 1863. Ẹ wo ìlú tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn já láàárọ̀ kan, tó fa ìjọba ńláńlá méjì lọ sílé ẹjọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ a gba afárá tí wọ́n fi okùn irin so kọ́ já sí Ayjah, òdìkejì ọ̀sà. Kí wọ́n tó ṣe afárá yẹn, ọkọ̀ kékeré ló ń gbé èèyàn kọjá. Ilé funfun ni gbogbo ibẹ̀, ilé iná tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ sì wà ní ẹnu omi. Bàbá arúgbó kan jókòó síwájú ilé rẹ̀. Mo kí i ní salaamu alaykum, kéú tí mo kà ní kékeré sì parí síbẹ̀. Ó wo àwọ̀ mi, ó bá yí sí Swahili. Mi ò gbọ́ èyí náà. Ẹ̀gbọ́n mi tó gbọ́ Lárúbáwá ló wá ń gbà á sọ fún mi. Bàbá ní kí á jókòó, wọ́n gbé dàbínù àti kọfí onífínjáánì kékeré wá, èyí tí wọ́n ń bù kún un títí ẹ ó fi mi ife yẹn lọ́wọ́ pé ó tó.

Ó ní òun bá bàbá òun lọ sí Zanzibar nínú ọkọ̀ nígbà tí òun ṣì kéré, èébì ni òun bì lọ. Ó sọ̀rọ̀ dàbínù, ó sọ̀rọ̀ ìjì. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n nípa àwọn tí wọ́n kó wá. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ kó ìtìjú bá a, àmọ́ ó bi wọ́n. Bàbá kò yíjú. Wọ́n ní ìyá bàbá àwọn gan-an, ọ̀kan nínú wọn ni. Wọ́n na ọwọ́ sí ilé méjì mẹ́ta ní àdúgbò náà pé ibi báyìí ni ẹbí wọn wà, orúkọ ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Wọ́n wá bù kọfí sí i fún mi.

Mi ò mọ ohun tí mo retí. Ní Àgbádárìgì, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi han àlejò. Ní Sur, ọkọ̀ ni. Tiwa dùn mí jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó pé jù: ní Àgbádárìgì náà, a kì í fẹ́ pẹ́ lórí orúkọ àwọn tó tà.

Ọkọ̀ onígáàsì ló ń kó ẹrù ńlá níbẹ̀ báyìí. Ilé iṣẹ́ gáàsì wà létí Qalhat, 2000 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó gáàsì jáde, ọdún kan lẹ́yìn tí tiwa ní Bonny bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ láàárín November sí February, oòrùn July ibẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹ má lọ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ilẹ̀kùn púpọ̀ ni yóò wà ní títì. Bí ẹ bá ráyè sùn mọ́jú, ẹ lọ wo àwọn ìjàpá òkun tó ń yé ẹyin ní Ras al-Jinz lóru. Ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, a ò lè dúró, mo sì ti sọ fún un pé gbèsè ni ó jẹ mí.