Ìbéèrè tó máa ń há sí wọn lọ́fun

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún bá àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ̀rọ̀ nípa kéèyàn máa gbèrò àtipa ara ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo máa ṣe é nìyẹn, àyà mi ṣì ń já. Nígbà àkọ́kọ́, mo kàn kọ àwọn àmì ẹ̀ sójú pátákó ni, kéèyàn máa yẹra fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, kí oorun ẹ̀ dàrú, kó máa kó ohun tó fẹ́ràn jù fáwọn ẹlòmíì, kó máa sọ pé òun ti di ẹrù sí àwọn èèyàn òun lọ́rùn. Wọ́n dà á kọ, aago lù, ó parí.

Ọjọ́ kejì ni ọmọbìnrin kan wá bá mi, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ kọ yẹn ló wà lára ọ̀rẹ́ mi, ó sì ti ní kí n búra pé mi ò ní sọ." Ara mi bù máṣọ! A tètè dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ yẹn, ó rí ẹni tó mọṣẹ́ yìí bá sọ̀rọ̀, ó ń bẹ lónìí, mo dúpẹ́. Àmọ́ ọmọbìnrin tó wá bá mi yẹn ti ń dá ọ̀rọ̀ yìí gbé tipẹ́ kó tó sọ fún mi.

Ìwádìí kan wà tó jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 2015, àwọn ọmọ tó lé ní 11,000 ni wọ́n lò, ní ilé ìwé 168 lórílẹ̀-èdè 10 nílẹ̀ Yúróòpù. Níbì kan, tíṣà ni wọ́n kọ́, níbòmíì wọ́n ṣàyẹ̀wò láti mọ ọmọ tó wà nínú ewu, níbòmíì wọ́n kọ́ àwọn ọmọ fúnra wọn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ́ ṣe eré bíi ti orí ìtàgé. Lẹ́yìn oṣù 12, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní tààràtà yẹn nìkan ni iye àwọn tó gbìyànjú àtipa ara wọn ti dín kù gidi ju ti àwọn tí wọ́n kàn lẹ páálí ìkìlọ̀ mọ́ ògiri fún.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí wọ́n jókòó ní méjì-méjì báyìí, kí ọ̀kan bi ìkejì pé "Ṣé ò ń rò ó láti pa ara ẹ ni?" Háà, kì í jáde lẹ́nu wọn! Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni "O ò kúkú ro nǹkan burúkú, àbí?", ẹ ò rí i pé ìyẹn ti ń bẹ ẹ̀ pé kó dáhùn pé rárá. Àwọn òbí kan bẹ̀rù pé a máa fi èrò àtipa ara ẹni sí àwọn ọmọ lọ́kàn, rárá o, ìwádìí ti fi hàn pé bíbéèrè kì í fi èrò yẹn séèyàn lórí, ara máa ń tu ọ̀pọ̀ pé ẹnì kan tiẹ̀ bi àwọn. Tó bá jẹ́ ìwọ tó ń kà á yìí ló ń ro irú èrò yẹn, jọ̀ọ́, sọ fẹ́nì kan lónìí.

A tún kọ́ bí wọ́n á ṣe sọ pé "Mi ò ní lè bá ẹ pa àṣírí yìí mọ́, jẹ́ ká jọ lọ bá àgbàlagbà kan", pé kí wọ́n má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ọmọkùnrin kan gbìyànjú láti béèrè ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin, ìkẹrin ló tó wo ojú ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó sì bi í, gbogbo kíláàsì dákẹ́ lọ lọ.