Ojú-Ìwé Kan, Wákàtí Kan

Sátidé, alẹ́

Aago dún, iṣẹ́ ò tíì parí. Wákàtí kan gbáko ni mo fún ara mi láti ya ìran kan tí kò ju ojú-ìwé kan lọ, mo sì ti rò pé yóò ṣẹ́ kù. Kò ṣẹ́ kù. Ìṣẹ́jú 22 ti lọ kí n tó tẹ fóònù fún ìgbà àkọ́kọ́.

Èmi kọ́ ni mo dá ìdánrawò yìí sílẹ̀. Inú On the Lot ni mo ti rí i, ìdíje àwọn tó fẹ́ di olùdarí fíìmù, tí mo ti ń wò láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìwọ̀nba tí mo rí kó jọ nínú rẹ̀. Ètò àtijọ́ ni. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox ló gbé e sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2007 sí ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ. Steven Spielberg àti Mark Burnett ló jọ gbé e kalẹ̀. Àwọn tó fi fíìmù kúkúrú ránṣẹ́ tó ẹgbẹ̀rún 12, 50 péré ni wọ́n mú nínú wọn, ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn 50 náà ló sì máa gba àdéhùn mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ fíìmù DreamWorks. Sáà kan ni wọ́n ṣe, wọn ò ṣe é mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Mo ti mọ ẹni tó borí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Will Bigham ni. Mo rò pé ìyẹn á ba adùn rẹ̀ jẹ́, àmọ́ ṣe ló gba ọkàn mi lọ́wọ́ àníyàn ta ni wọ́n máa lé lónìí, ó jẹ́ kí n ráyè wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Mo máa ń dá fíìmù wọn dúró, kí n ka iye ìgbà tí kámẹ́rà ṣípò padà, kí n bi ara mi léèrè ìdí tí ẹni yìí fi gé e níbí tí kò gé e lọ́hùn-ún. Ìwé tí mo ń kọ ọ́ sí ti fẹ́ kún.

Ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n kó àwọn 50 náà jọ, wọ́n fún wọn ní ìtàn tí kò ju gbólóhùn kan lọ, wọ́n ní kí kálukú lọ rò ó mọ́jú, kó wá fi ẹnu lásán sọ ọ́ di odidi fíìmù níwájú àwọn adájọ́. Òṣèré Carrie Fisher wà lára àwọn adájọ́ náà, olùdarí fíìmù Garry Marshall náà wà lára wọn. Ọdún 2016 ni àwọn méjèèjì kú, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Kò sí kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sí òṣèré, kò sí iná. Àwọn kan sọ̀rọ̀ débi tí èmi tí mò ń wò fẹ́ẹ̀ bá wọn rí yàrá tí wọ́n ń ṣàpèjúwe. Àwọn mìíràn mọ ìtàn wọn, ó hàn lójú wọn pé wọ́n mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọ̀rọ̀ há sí wọn lọ́fun. Àánú wọn ṣe mí gan-an. Mo mọ bó ṣe máa ń rí kí fíìmù ti parí pátápátá nínú orí ẹni, kí ẹnu má sì lè gbé e jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pín àwọn tó kù ní mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 24 láti ṣe fíìmù kan. Ẹ rò ó wò: ẹni mẹ́ta tí kálukú wọn ń pe ara rẹ̀ ní olùdarí, fíìmù kan, ọjọ́ kan. Ọba kì í pé méjì láàfin, mélòó mélòó ni mẹ́ta. Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an. Kí la máa fi sílẹ̀? Kí la máa yọ? Ta la máa gbọ́ tirẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú? Gbogbo ohun tó kù, kámẹ́rà, iná, òṣèré, ẹ̀yìn ìbéèrè wọ̀nyẹn ló tò sí. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá fún àwọn tó yege ní ojú-ìwé kan àti wákàtí kan, èyí tí mo fi dán ara mi wò lónìí.

Ibi tí ètò náà ti já mi kulẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sórí pèpéle. Láti ìgbà náà lọ, fíìmù tó ti parí ni wọ́n ń fi hàn wá, adájọ́ á sọ tirẹ̀, àwọn tó ń wò nílé á dìbò, ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré á lọ. Ohun tó wà láàárín èrò àti fíìmù, tó jẹ́ pé òun gan-an ni iṣẹ́ náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń yọjú sí i. Akọrin lè dúró síwájú rẹ kó kọrin, wàá sì gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́. Olùdarí ò lè darí fíìmù lórí pèpéle. Àwọn èèyàn ò wò ó tó bí wọ́n ṣe retí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan. Lójú tèmi, kì í ṣe àwọn olùdarí yẹn ló kùnà. Wọn ò jẹ́ ká rí wọn nídìí iṣẹ́ wọn ni. Project Greenlight, tí Matt Damon àti Ben Affleck bẹ̀rẹ̀ lórí HBO lọ́dún 2001, gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n á yan ẹnì kan, kámẹ́rà á sì máa tẹ̀ lé e láti ìpalẹ̀mọ́ títí fíìmù fi parí, pẹ̀lú gbogbo àríyànjiyàn inú rẹ̀. Ó máa ń le láti wò nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà lò ń wò.

Ó dáa, tèmi lónìí. Ìran tí mo kọ kò ṣòro. Obìnrin kan wọlé, ó bá báàgì ńlá lẹ́nu ọ̀nà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jókòó sórí àga, ó ń so okùn bàtà. Obìnrin náà béèrè ibi tó ń lọ, ó béèrè bóyá ó máa padà. Ọkùnrin náà fi gbólóhùn mẹ́ta dá a lóhùn, gbólóhùn mẹ́ta tí mo ti fi ọjọ́ méjì tún kọ. Àbúrò mi ló ṣe ọkùnrin yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ṣe ẹ̀gbọ́n. Èmi di fóònù mú.

Orí báàgì ni ìṣẹ́jú 22 àkọ́kọ́ lọ. Mo gbé e sósì, mo gbé e sáàárín, mo gbé e sọ́tùn-ún, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ya obìnrin náà láti ẹ̀yìn bó ṣe ń wọlé, mo ya ojú rẹ̀. Ìyẹn lọ dáadáa, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ìgbà tó kan gbólóhùn mẹ́ta yẹn ni nǹkan dúró. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ya á. Àbúrò mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ kankan, bí mo ṣe kọ ọ́ ló ń sọ ọ́, síbẹ̀ ó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń kàwé. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n má dá a lóhùn rárá.”

“Kí lo wá fẹ́ máa ṣe?”

“Ẹ ṣáà máa ya á.”

Mo fẹ́ kọ̀. Gbólóhùn kejì nínú mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ojú-ìwé náà, tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ìyókù. Àmọ́ aago ń lọ. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ béèrè pé, “Ṣé o máa padà?” Àbúrò mi ti so okùn bàtà ọ̀tún tán nígbà yẹn. Kò gbójú sókè. Ó tú u. Ó fa okùn náà títí apá méjèèjì fi dọ́gba, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í so ó padà, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so bàtà. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo kàn rí i pé fóònù ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dọ́gba pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀, mi ò sì lè mí. Nígbà tó so kókó náà tán, ó fi ọwọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, kò gbé e kúrò. Aago dún níbẹ̀. Ó ku ibi tó ti máa gbé báàgì jáde, a ò ya ìyẹn.

Tó bá jẹ́ orí pèpéle ni, adájọ́ á ní olùdarí yìí mọ bí wọ́n ṣe ń lo ìdákẹ́jẹ́. Èmi ni wọ́n á yìn. Ohun tó jẹ́ kí ọkàn mi máa padà sọ́dọ̀ àwọn méjì kan nínú On the Lot láti ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.

Adam Stein díje lọ́dún 2007, àmọ́ kò borí. Zach Lipovsky, ará Kánádà, ò tilẹ̀ dé àṣekágbá, ìbò ti lé e ṣáájú. Abánidíje ni wọ́n. Àyè kan ṣoṣo ló wà lókè, tí ọ̀kan bá dé ibẹ̀, èkejì ò lè dé ibẹ̀. Àwọn méjì yìí ló wá di ẹgbẹ́. Wọ́n jọ darí Freaks, tó kọ́kọ́ jáde níbi àjọ̀dún fíìmù Toronto lọ́dún 2018. Wọ́n jọ darí Final Destination Bloodlines, ọ̀kan lára àwọn fíìmù ẹlẹ́rù tí ìjàǹbá abàmì ti máa ń pa àwọn èèyàn, tó dé sinimá ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, tó sì pa ju mílíọ̀nù 300 dọ́là lọ káàkiri ayé.

Bí wọ́n ṣe gba iṣẹ́ kejì yẹn ni mi ò lè yéé rò. Orí Zoom ni wọ́n ti bá àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fíìmù náà sọ̀rọ̀. Bí ìpàdé ṣe ń lọ, iná tó wà níbi ìyáná lẹ́yìn wọn gbilẹ̀. Wọ́n pa á, ara tu gbogbo èèyàn. Ìgbà náà ni fáànù òkè àjà já, ó sì bẹ́ ọ̀kan nínú wọn lórí. Wọ́n ti ya apá yẹn sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà so ó mọ́ ìpàdé gan-an. Wọ́n gba iṣẹ́ náà.

Mo padà lọ wo ìbẹ̀rẹ̀ 2007 lẹ́yìn tí mo rántí ìyẹn. Àwọn èèyàn tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú adájọ́, tí wọ́n ń fi ẹnu sọ fíìmù. Iṣẹ́ kan náà ni, ọ̀pọ̀ ọdún ló kàn wà láàárín. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ẹnì kan ló ní ọrùn tí wọ́n máa bẹ́, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Irú rẹ̀ ò ṣe é dá ṣe. Ìdíje náà to gbogbo nǹkan kó lè rí ẹnì kan, kò sì sí ẹ̀bùn kankan nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá rí ẹni tó lè bá ṣiṣẹ́. Mi ò sọ èyí láti bu Will Bigham kù o. Mo wo àwọn fíìmù rẹ̀, ìbò yẹn tọ́ sí i. Mo kàn ń ronú nípa ohun tí kò sí nínú ìwé ìbò.

Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni mo to fíìmù wa pọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 14 lọ. Okùn bàtà nìkan gba ìṣẹ́jú-àáyá 19 nínú rẹ̀. Mo gbìyànjú láti gé e kúrú, mo dá a padà. Gbólóhùn mẹ́ta mi ò sí níbẹ̀ mọ́, n ò sì wá wọn. Mo pe àbúrò mi wá wò ó. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì láìsọ nǹkan kan.

“Ẹ̀gbọ́n mi, báàgì yẹn, ì bá dáa ju báyìí lọ lápá òsì.”

Mo tún un wò. Òótọ́ ni. Sátidé tó ń bọ̀, òun ló máa di fóònù mú.