Yorùbá kọ́ ló fa "explain me"

Ọjọ́rú

Ìwé àwọn ọmọ SS2 ni mo ń máàkì látàárọ̀, gbólóhùn kan náà ló sì ń yọjú láti inú ìwé kan sí òmíràn: "The teacher explained us the topic." Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yọjú wò ó lórí tábìlì mi, ó ní, "Ẹ ò rí bí Yorùbá ṣe ń ba Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ yìí jẹ́!" Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé, torí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ta ni Yorùbá tó ń sọ pé "Olùkọ́ ṣàlàyé wa iṣẹ́ náà"? "Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa" là ń wí. Bí ọmọ bá tẹ̀ lé Yorùbá ẹnu rẹ̀, "explained it to us" gan-an ni yóò kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi" ṣe bá "describe it to me" mu. Yorùbá ò jẹ̀bi níbí.

Ìdánrawò inú ìwé gírámà ni mo fura sí. Wọ́n á kọ "She gave a book to me", wọ́n á ní kí ọmọ yí i sí "She gave me a book". Wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún send àti show, gbogbo rẹ̀ á sì yí padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmọ á wá gbà pé kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ṣe é yí bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé àwọn kan ń kọ̀.

Ìtàn ló fà á. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìparí ọ̀rọ̀ ló ń fi ẹni tó gba nǹkan hàn. Nígbà tí àwọn ìparí yẹn ń parẹ́, "to" àti ètò ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn gba iṣẹ́ wọn. Give, send, tell àti teach ti wà nílé tipẹ́. Explain, describe àti demonstrate ní tiwọn ti inú èdè Látìn wá, àwọn míì nínú irú wọn gba ọ̀dọ̀ Faransé wọlé lẹ́yìn tí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó gba nǹkan jókòó tì wọ́n láìsí "to". Kì í ṣe òfin tí kò ní àyàfi o: promise àti offer wá láti Látìn, wọ́n sì gbà, ọmọ onílé ni say, kò gbà.

Ìtumọ̀ ló dùn mọ́ mi jù. "I sent the goods to Kano" dára, ṣùgbọ́n "I sent Kano the goods" ò ṣeé gbọ́, àfi bí ó bá jẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa tó wà ní Kánò lẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní lọ́kàn. Indirect object, ìyẹn ẹni tó jókòó ti ọ̀rọ̀-ìṣe láìsí "to", ní láti jẹ́ ẹni tó lè gba nǹkan. Àpólà atọ́kùn, irú "to Kano", lè jẹ́ ibi tí nǹkan ń lọ lásán. Ẹ tún wo "She bought me a bag": èmi ni mo ni báàgì. Ṣùgbọ́n nínú "She bought a bag for me", ó lè jẹ́ pé ọwọ́ mi ló dí, tó lọ sọ́jà nípò mi, tí báàgì sì jẹ́ ti ọmọ mi. Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún wa: "ó rà á fún mi", "ó bá mi rà á". "Bá mi ṣílẹ̀kùn" náà nìyẹn: kò sẹ́ni tó fún mi ní ilẹ̀kùn, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ "Open the door for me", tí "Open me the door" ò fi dúró.

Lọ́la, kí n tó dá ìwé wọn padà, màá kọ explain, describe, suggest àti say sójú bọ́ọ̀dù, màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá kí wọ́n tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Suggest ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí lẹ́yìn explain, òun ló tún ń dà wọ́n láàmú jù.