Ilẹ̀ káàdì ló ń gbé òǹtẹ̀ yọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí káàdì àfọwọ́ṣe

Òǹtẹ̀ ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ káàdì máa ń sáré sí. Wọ́n á gbẹ́ ewé, wọ́n á gbẹ́ òdòdó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ káàdì, ìyẹn àwọ̀ tí òǹtẹ̀ náà yóò jókòó lé, wọn kì í kà á sí. Bí ilẹ̀ bá ti dọ̀tí tàbí tó wú, òǹtẹ̀ tó dára jù lọ kò lè gba káàdì náà là. Ohun tí mo kọ síbí, kò sí èyí tí ẹ ò ní rí rà ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò gùn. Ara káàdì fúnra rẹ̀, 250 gsm ni mo ń lò (gsm ni wọ́n fi ń wọn bí ìwé ṣe wúwo tó). A4 kan tí a gé sí méjì, tí a wá ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan po, á di káàdì A6 méjì, wọ́n á sì wọ àpò-ìwé C6 láìfún. Ẹ fi rúlà àti báírò tí íǹkì rẹ̀ ti tán fa ojú ìṣẹ́po kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Bó bá ṣì ń ya, ẹ tẹ ìwé náà wò ní gígùn, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò ní ìbú: apá tó bá rọ̀ jù ni kí ẹ máa ṣẹ́ sí. Ilẹ̀ ní tirẹ̀, orí ìwé mìíràn la ti ń ṣe é, 120 sí 160 gsm, ká tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì. Ìwé 80 gsm tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókọ́pì á ká kòrókòró bí omi bá ti kàn án.

Ilẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni ti sítáàṣì, tí a ń po àwọ̀ mọ́, tí a sì ń fi òòyà fa ilà sí kó tó gbẹ. Lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, láfún ni kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ. Lórí ìwé, sítáàṣì gan-an ló ń gbé àwọ̀ dání. Ẹ wá sítáàṣì pákí ṣíbí ìjẹun kan, fúláwà ṣíbí kan, omi bíi 200 ml. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù díẹ̀ pò wọ́n títí kò fi ní sí kókó nínú rẹ̀, kí ẹ da omi tó kù sí i, kí ẹ gbé e ka iná kékeré, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́dúró. Bó bá ti ki tó sì ń dán, ẹ sọ̀ ọ́. Fúláwà yẹn ní ìdí: sítáàṣì pákí nìkan máa ń fà bí ilá, ilà tí òòyà bá sì fà sí i á tún padà dé. Fúláwà ló ń gé fífà náà. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, nítorí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣì ń ṣàn. Ẹ wá bu ṣíbí mẹ́ta níbẹ̀, ẹ po ṣíbí tíì kan poster colour mọ́ ọn, kí ẹ kán ọṣẹ olómi ẹ̀kán kan sí i kí òòyà lè máa yọ̀.

Ẹ fi fóòmù tútù nu ìwé náà níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè tó tẹ́jú. Ìwé gbígbẹ á mu omi inú sítáàṣì lápá kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì gbé sókè kí ẹ tó parí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ kun sítáàṣì aláwọ̀ náà sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ wá fi òòyà fa ilà sí i. Ó nípọn jù bí òòyà bá ń kó o jọ sétí. Ó fẹ́lẹ́ jù bí ilà bá gbẹ kí ẹ tó dé ìdí ìwé. Òòyà oníke tí eyín rẹ̀ fẹ̀ dára ju èyí tó wọ́pọ̀ lọ, ẹ sì lè ṣẹ́ eyín kan kúrò nínú méjì méjì. Lásìkò ọyẹ́, ojú ẹsẹ̀ ló ń gbẹ, nítorí náà ìwé kan ni kí ẹ máa kùn lẹ́ẹ̀kan.

Bí ilẹ̀ náà bá ṣì tutù, ẹ gbé òǹtẹ̀ tó mọ́, tí kò ní íǹkì kankan, ẹ tẹ̀ ẹ́ lé e, kí ẹ gbé e sókè tààrà. Á gbé àwọ̀ dání lọ, àwòrán rẹ̀ á sì kù sílẹ̀ ní fífẹ́lẹ́. Ẹ nù ún kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọ̀ tó gbé níbì kan ló máa dà sí ibòmíì. Èmi fẹ́ràn èyí ju òǹtẹ̀ oníǹkì lọ lórí ilẹ̀ tí a ya ní òòyà, torí òkè àti kòtò tó wà lójú rẹ̀ kì í jẹ́ kí íǹkì dé ibi gbogbo.

Ẹ má sá a sóòrùn. Inú ilé ni kó ti gbẹ, lórí ibi títẹ́jú, kí ẹ wá dojú rẹ̀ dé orí ìwé funfun, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ lọ ẹ̀yìn rẹ̀. Sítáàṣì tó kù kì í ṣe ohun à ń fi pamọ́. Ó máa ń kan.

Ẹni tí kò fẹ́ dáná lè fi fóòmù ya òkè. Òkè Ìdánrè wà nítòsí wa níbí, ìlà orí rẹ̀ sì yẹ káàdì gan-an. Àwọn tó ń ṣe àga máa ń da àgékù fóòmù nù, ẹ bẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ya ìwé kan ní gbágungbàgun bí orí òkè, ẹ gbé e lé apá òkè ìwé tí ẹ fẹ́ kùn, kí etí tí ẹ ya náà wà nísàlẹ̀. Ẹ fún etí fóòmù pọ̀ sọ́wọ́ kí igun rẹ̀ má baà hàn, ẹ fi kan àwọ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àlòkù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ láti orí ìwé tí ẹ ya náà bọ́ sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ sún ìwé náà wálẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ lo àwọ̀ tó dúdú ju ti àkọ́kọ́. Ipele mẹ́ta tó. Òkè tó jìnnà ló ń fẹ́lẹ́, ti tòsí ló ń dúdú. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ rú, òkè náà á dàbí ìkòkò tó ṣẹ́po. Ẹ má sì gbé pupa lé àwọ̀ ewé tó ṣì tutù, wọ́n á di àwọ̀ ẹrẹ̀.

Òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ kò nílò owó ńlá. Ìrésà funfun tó tóbi tó fún èso kókó kan tàbí ewé kan. Ẹ fi pẹ́ńsù 2B ya àwòrán sórí ìwé pẹlẹbẹ, ẹ dojú rẹ̀ dé ìrésà, kí ẹ fi èékánná ra ẹ̀yìn rẹ̀. Àwòrán náà á yí padà fúnra rẹ̀, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà á kà bó ṣe yẹ. Ẹ gbẹ́ ẹ jìn tó mílímítà méjì, kí ẹ da ẹnu ọ̀bẹ síta, kí ìdí ilà fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Ìlà tí ẹ gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ kúrò á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ bá fi agbára sí i, kò sì ní pẹ́ ya. Ẹ fi ìwé wé ìrésà náà kí ẹ tó kó o pamọ́. Bó bá fara kan rúlà oníke fún ìgbà pípẹ́, àwọn méjèèjì á lẹ̀ pọ̀.

Páàdì íǹkì ni kí ẹ máa fi tẹ òǹtẹ̀, ẹ má ti òǹtẹ̀ bọ inú páàdì, torí íǹkì á wọ inú kòtò. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn ìpele mélòó kan sábẹ́ káàdì, ẹ tẹ̀ ẹ́ tààrà, ẹ má mì í. Íǹkì páàdì ọ́fíìsì, pàápàá èyí tó pọ́n bí àlùkò, omi ló ń fọ́n ọn ká. Nítorí náà ilẹ̀ ló ń ṣáájú, ó gbọ́dọ̀ gbẹ, òǹtẹ̀ oníǹkì ló ń tẹ̀lé e. Bí ẹ bá fi àbẹ́là kọ ara ìwé kí ẹ tó kùn ún, kí àwọ̀ má baà mú ibẹ̀, ẹ fi áyọ́ọ̀nù fa ìda náà kúrò láàárín ìwé àlòkù méjì. Orí ìda kì í gba íǹkì, gọ́ọ̀mù kì í sì í dì í mú.

Ẹ gé ilẹ̀ náà sí mílímítà 99 lọ́nà 142, á ṣẹ́ku mílímítà mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gọ́ọ̀mù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, láti àárín lọ sí etí. Ẹ gbé e sábẹ́ ìwé wúwo mọ́jú, kí ẹ má sì kó o sínú ọ̀rá títà lọ́jọ́ náà, pàápàá lásìkò òjò: òógùn á hù nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ á sì fọ́n.